Fèrè Tí Mo Fọn ní Iléṣà

Ẹ fa ìjókòó yín súnmọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá gbé omi kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lóòró. Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ilẹ̀ yóò fi gbà mí. Ọjọ́ Sátidé ni, ní Iléṣà, lójú àwọn ọmọ olóòkú, lójú ẹgbẹ́ akọrin, lójú àwọn obìnrin tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Títí dòní, bí ọjọ́ náà bá sọ sí mi lọ́kàn tí mo wà lórí ibùsùn, ńṣe ni mo máa ń fa aṣọ borí bí ẹni tí wọ́n ṣì ń wò.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràímì, lẹ́yìn Old Garage l'Óṣogbo. Páàtì mọ́tò ni Alhaji ń tà. Bẹ́ńṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà tí èmi fúnra mi kàn, nítorí iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe kí ojú tó di bàìbàì. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, orí bẹ́ńṣì yẹn lẹ ó ti bá wa: èmi, Alhaji, àti Ìyá Rónkẹ́ tó ń ta ọsàn lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré láyé àtijọ́. Kò sí eré kan tí ìyá yìí kò fojú ara rẹ̀ rí, tòun ti igbá ọsàn lórí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la máa ń sọ níbẹ̀: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹgbẹ́.

Àwọn ọmọ ìwòyí ò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù òkè òkun ni wọ́n ń wò, orúkọ ẹni tí kò mọ ọ̀nà Òṣogbo ló kún ẹnu wọn. Àwa ní tiwa ní Ìjì, tó jẹ́ pé bó bá ń sáré bọ̀ létí ìlà, fìlà á ṣí lórí òǹwòran. A ní Ẹsẹ̀-Òsì, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò wúlò fún nǹkan kan ju kó fi dúró lọ. A ní Kóòṣì Olóbì, tó máa ń jẹ obì láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí. Tí a bá ti rí i tó tu obì dànù, a mọ̀ pé ilé ti dà rú. A sì ní aṣọ́lé wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, tí à ń pè ní Ilẹ̀kùn-Irin. Orúkọ orí pápá la mọ̀ mọ́ wọn. Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, kí la fẹ́ fi ṣe? Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, a ó ní a mọ Ilẹ̀kùn-Irin ju ìyá tó bí i lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápá kan ná. A ṣì ń padà bọ̀ wá gbé e.

A ní àṣà kan. Bí agbábọ́ọ̀lù wa àtijọ́ kan bá kú, a ó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ wa tó dúdú bí aró, a ó lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa á dìde, á ròyìn àwọn eré tó ti gbá fún àwọn ọmọ rẹ̀, á sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fèrè gígùn, bí rẹfirí ṣe ń fọn ọ́n tí eré bá parí. Fèrè Kóòṣì Olóbì ni. Òun ló fún wa kó tó kú. Ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ òun wọ ilẹ̀ láìgbọ́ fèrè ìparí. Ọwọ́ mi ni fèrè náà wà, torí wọ́n ní ẹnu mi dùn. Ìyá Rónkẹ́ ní kò dùn, ó ní ńṣe ló gùn.

Ṣùgbọ́n ti Ilẹ̀kùn-Irin yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Eré àṣekágbá kan ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Òjò ń rọ̀, ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù kan ń yí bọ̀ jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù tí ọmọ ọwọ́ lè gbá mú. Ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọnú àwọ̀n. Ìlú gbaná. Wọ́n ní ó ta eré. Wọ́n sọ òkò lu ọkọ̀ tó gbé e. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Iléṣà, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Òṣogbo mọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí Kóòṣì Olóbì tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ. Ó ránṣẹ́ pè wá, ó ní ká sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Ó ní, "Ìka ọmọ yẹn ti kán láti abala àkọ́kọ́. Ó wá fi hàn mí. Mi ò ní aṣọ́lé mìíràn tí mo lè gbọ́kàn lé. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú un mọ́ra, kó má sọ fẹ́nì kankan. Kò sì sọ."

A sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Àìkú tí a kì í wí i: Ilẹ̀kùn-Irin ò tà wá, ìka rẹ̀ ló kán. À ń sọ ọ́ fún ara wa. À ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá wá ra púlọ́ọ̀gì. Bẹ́ẹ̀ Iléṣà ò jìnnà, ọkọ̀ kan ṣoṣo lèèyàn ń wọ̀ débẹ̀. "A ó lọ kí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ni a ń wí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò sì dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni awakọ̀ kan tó ń ná Iléṣà wá ra bẹ́líìtì lọ́dọ̀ Alhaji. Ó gbọ́ ariwo wa, ó ní, "Ṣé kípà yín àtijọ́ yẹn? Mo mọ ilé wọn. Ìsìnkú ń bẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ti lẹ pósítà kiri." Ó gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Alhaji ṣí fìlà. "Ìnnà lìláhì. Ilẹ̀kùn-Irin ti lọ."

"Ó lọ láìgbọ́," ni Ìyá Rónkẹ́ wí. "Ó lọ láìmọ̀ pé a ti mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí ìlú wí ni wọ́n mọ̀ mọ́ bàbá wọn. Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ta eré. Ó di dandan kí n sọ ọ́ lójú wọn kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀."

Ìyá Rónkẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀. "Káfíńtà, ẹ mọ orúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ wo tún ni? Ilẹ̀kùn-Irin."

"Orúkọ tó máa wà lára pósítà ni mò ń wí."

Alhaji ló gbà á lẹ́nu mi. "Ìyá Rónkẹ́, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Ta ní ń bèèrè orúkọ ẹni tó mọ̀?"

Èmi náà sì mirí bí ọlọ́gbọ́n. Ẹ rántí orí tí mo mì yẹn o.

Láti ara ẹ̀wù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tí wọ́n rán ẹ̀wù ẹgbẹ́ yẹn fún mi, mi ò tíì ní ikùn. Ìyàwó mi wò mí bí mo ṣe ń làkàkà nínú rẹ̀ bí ẹja nínú àwọ̀n. Ó ní, "Bàbá Sàfú, ẹ̀wù yìí ò gbà yín mọ́ o." Mo ní ẹ̀wù ẹgbẹ́ kì í gba èèyàn, èèyàn ló ń gba ẹ̀wù ẹgbẹ́. Mo wọ̀ ọ́. Mi ò lè mí délẹ̀, ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ Alhaji la gbé. Ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò fún gbogbo ìlú, ọkọ̀ tirẹ̀ ni páàtì kì í pé lára rẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti iwájú. Alhaji dúró, ó da gbogbo omi mímu wa sínú rédíétọ̀. Ọkọ̀ mu omi wa tán, kò sì dìde. "Káfíńtà, ẹ bá wa tì í díẹ̀." Mo fọwọ́ ti ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fi gbogbo ara tẹ̀ síwájú, mo sì gbọ́ ìró kan tí mo kọ́kọ́ rò pé ara ọkọ̀ ló ti wá. Ẹ̀wù ẹgbẹ́ ti ya láti ọrùn dé ìdí lẹ́yìn.

Ìyá Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi mú. Alhaji ní kí n má banú jẹ́, ó ní atẹ́gùn á máa ráyè wọlé. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Ìyá Rónkẹ́ tú ìborùn rẹ̀, òdòdó pupa ló kún inú rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. Bí mo ṣe wọ Iléṣà nìyẹn, èmi àgbàlagbà, pẹ̀lú ìborùn obìnrin lẹ́yìn, mò ń rìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Mo ti sọ fún wọn pé mo mọ Iléṣà bí ẹni mowó. Mo mú wọn já sí ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan, mo tún mú wọn gba ibi tí a ti kọjá. Òjò rọ̀ lé wa lórí, ó dá. Sátidé ilẹ̀ wa, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: kò sí àdúgbò tí kánọ́pì ò sí. Ìyá Rónkẹ́ ló sọ̀ fèrèsé kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó bi obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì ibi tí ilé kípà àtijọ́ wà.

"Ulé kípà?" ni obìnrin náà wí, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé. "Òun rèé lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, níbi tí wọ́n ti ń sìnkú yẹn."

Ṣé ẹ rí i? Ilé yẹn náà ni. Títí dé ibẹ̀, a ò tíì ṣì.

Wọ́n lẹ pósítà ńlá mọ́ ara ògiri ìta. Bàbá kan ló jókòó nínú àwòrán, iwájú orí rẹ̀ gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀pá, àtẹ́lẹwọ́ fẹ̀ bí ewé kókò. Bí Alhaji ti rí ọwọ́ yẹn, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Wo ọwọ́! Wàláì, ọwọ́ yẹn náà ni!" Wọ́n kọ Àgbà Jòsáyà sábẹ́ àwòrán náà.

"Jòsáyà ló ń jẹ́," ni mo wí fún Ìyá Rónkẹ́, bí ẹni tó borí ẹjọ́. "Ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ báyìí."

"Ojú yìí le ju tirẹ̀ lọ," ló wí.

"Ọjọ́ orí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tiyín náà ò rọ̀ mọ́."

Obìnrin kan tó ti ń di ìyá àgbà jáde wá pàdé wa, aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Ó ní Ìdòwú lòun. Nígbà tó rí ẹ̀wù wa, ó dúró gbagidi. "Òṣogbo lẹ ti wá?" ló wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí? Inú Bàbá á mà dùn o." Mo ní inú rẹ̀ á dùn lóòótọ́, níbikíbi tó bá wà. Ó wò mí díẹ̀, ó mú wa lọ sí àga iwájú, lábẹ́ kánọ́pì tí òjò ti rọ sínú rẹ̀ tí ikùn rẹ̀ wú bí ikùn aboyún. Pósí wà níwájú wa. Àwọn agbépósí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, ojú wọn ò rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe di pé ẹni tó ń darí ètò ní kí àlejò láti Òṣogbo sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, mo dìde, mo gba máìkì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ròyìn ọwọ́ bàbá náà. Mo ròyìn bó ṣe ń fò láti òpó dé òpó. Mo ní, "Nígbà ayé rẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù tó débi tó wà tí nǹkan rere ṣẹlẹ̀ sí i!"

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Òótọ́ ni, Bàbá! Ẹ máa sọ ọ́!" Àgbà kan níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ sínú aṣọ. Mo rò pé ìtàn ló wọ̀ wọ́n lára. Mo tún gbé ohùn sókè.

Mo wá dé ibi tó mú mi wá. Mo rọ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ olóògbé, wọ́n sọ fún yín pé bàbá yín ta eré. Irọ́ ni. Ìka rẹ̀ ló kán. Ìka kíkán ló fi ṣọ́ ilé fún wa nínú òjò, torí kóòṣì rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kóòṣì náà jẹ́wọ́ kó tó kú, àwa mẹ́ta tí ẹ ń wò yìí la gbọ́ ọ. Ó pa ẹnu mọ́ kó má bàa dójú ti ọ̀gá rẹ̀. A ju òkò lu ẹni tí ìka rẹ̀ kán nítorí wa. Òṣogbo ló jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀."

Àwọn tó ń gúnyán lẹ́yìnkùlé pàápàá dáwọ́ odó dúró. Ìdòwú ti dìde, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ló wí, "ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ká ní mo jókòó lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ náà ì bá jẹ́ ọjọ́ ògo mi. Ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà. Mo yọ fèrè Kóòṣì lápò, mo fa èémí tí ẹ̀wù náà gbà mí láyè láti fà, mo fọn ọ́n, ó gùn, ó dún dé òkè odò.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé fèrè ni olórí àwọn agbépósí fi ń pàṣẹ fún wọn. Bí tèmi ṣe dún gẹ́lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé pósí lé èjìká, wọ́n yí padà, wọ́n sì forí lé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń jó ijó wọn lọ. Ẹgbẹ́ akọrin rò pé àkókò ti tó, wọ́n bú sórin. Àlùfáà fò sókè: "Ẹ dúró! Ẹ gbé bàbá padà! Mi ò tíì gbàdúrà!" Ẹ̀rù bà mí, mo tún fèrè fọn kí wọ́n lè dúró. Fèrè kejì, ẹ̀yin èèyàn mi, òun ni wọ́n fi ń sáré.

Àárín rúkèrúdò yẹn ni ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí. Bàbá kan jáde síta, agbádá rẹ̀ ṣì tutù fún òjò, iwájú orí gbòòrò, àtẹ́lẹwọ́ bí ewé kókò.

"Ta ló ń fọn fèrè Kóòṣì?" ló wí. "Mo mọ ohùn fèrè yẹn."

Mo wo pósí tó ń sáré lọ. Mo wo bàbá tó dúró níwájú mi. Alhaji ń pe "Lá ìláhà ilalláhù" láìdúró. Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ kí n tó mọ̀, ó kọ́ okùn kánọ́pì, mo ṣubú lulẹ̀, kánọ́pì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo òjò tó wà nínú ikùn rẹ̀ sì dà lé mi lórí. Ìborùn olódòdó ti bọ́. Mo dojú bolẹ̀ níwájú gbogbo Iléṣà, ẹ̀yìn mi ní ìhòòhò láti ọrùn dé ìdí.

Ìyá Rónkẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń bi Ìdòwú léèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, ta ló kú?"

"Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ni," ni Ìdòwú wí. "Bàbá Jòsáyà. Bàbá mi nìyí."

Ìyá Rónkẹ́ yíjú sí mi. Ó tún wò mí láti òkè délẹ̀. Wíwò tó wò mí yẹn ni mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì í.

Àwọn ọ̀dọ́ fà mí dìde. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí, ṣùgbọ́n Ilẹ̀kùn-Irin ti di ọwọ́ mi mú. Kò rẹ́rìn-ín. "Mo wà nínú pálọ̀, mo ń gbọ́ yín nínú ẹ̀rọ. Ṣé Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́?"

"Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, sà."

"Ó sọ ọ́ pé mo fi ìka hàn òun?"

"Ó sọ ọ́. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́."

Bàbá náà jókòó sórí àga tó kún fómi. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ìka àárín ti wọ́, ó dà bí gbòǹgbò igi. Ìdòwú kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ sọ fún wa pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há a."

"Mo ti ṣèlérí fún ọ̀gá mi," ló wí. "Ohun tí mo sì rò ni pé ó ti gbé e wọ ilẹ̀. Mo rò pé òkò yẹn ni Òṣogbo fi ń rántí mi."

Wọ́n ti gbé pósí padà dé. Bàbá náà dìde, ó lọ fọwọ́ lé e. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?" Ó dúró bí ẹni tó ń retí èsì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa, ó sì ṣàlàyé ohun tó pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé láti Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n òun kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọ agbo ilé àwọn. Bọ́ọ̀lù ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì fo ògiri, àdá ló fi ń là á sí méjì. Gbogbo àdúgbò rò pé òǹrorò èèyàn ni. "Kì í ṣe ìkà. Ó rí i pé tí mo bá ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù, mi ò ní lè jẹun. Ó bá àwọn tó ń pè mí ní òǹtà jà lọ́jà, ó bá wọn jà lóko Ìpérindó. Kò fìgbà kan bi mí pé ṣé òótọ́ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Rónkẹ́ sọ ní ọjọ́ Àìkú yẹn padà sí mi lọ́kàn. Ẹnì kan ti lọ láìgbọ́ lóòótọ́. Ẹni tí a rò kọ́ ni. Ẹni tó gbèjà rẹ̀ láìbéèrè ẹ̀rí ló lọ, a sì ti wà lórí bẹ́ńṣì, à ń sọ ẹ̀rí náà fún ẹni tó ń ra púlọ́ọ̀gì.

Àlùfáà gbàdúrà. A sin Bàbá Jòsáyà. Èmi gan-an bá wọn da yẹ̀pẹ̀, ìborùn lẹ́yìn. Nígbà tí a jókòó oúnjẹ, àgbà tó ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan gbé àwo wá síwájú mi, ó ní, "Ọmọ Òṣogbo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sin alààyè, ẹ jẹ uyán òkú." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn-Irin náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ó ní, "Ẹ ti fọn fèrè ìparí fún mi. Kí ló wá kù fún mi láyé?"

"Àfikún àkókò ni, Ilẹ̀kùn-Irin," ni Alhaji dáhùn.

"Dáníẹ́lì lorúkọ mi," ló wí.

Ó jẹ àfikún àkókò náà dáadáa. Ìdòwú ń gbé e wá sí Òṣogbo lọ́jọ́ Àìkú, ó sì ń jókòó láàárín wa lórí bẹ́ńṣì. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dé Old Garage, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àfi ìgbà tí àgbà kan tó ń já ẹrù rí i tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó ba ìtàn wa jẹ́. Ó ní Ìjì ò yára tó bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn adẹ́yìnmú tó ń ṣọ́ ọ ló ti darúgbó. Ó ní pẹ́nárítì tí a ń fi yangàn fún un, òun ò mú un, ẹni tó gbá a ló gbá a sí òun láyà. Alhaji bínú, ó ní kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ dáadáa. Ẹni tó wà níbẹ̀ gan-an ò dára láti bá rọ́ ìtàn.

Nígbà tí ọlọ́jọ́ rẹ̀ dé lóòótọ́, nínú ọyẹ́, a ò ṣi ilé, a ò ṣi orúkọ. Mo kọ́kọ́ lọ bá olórí àwọn agbépósí, mo ní, "Ọmọ mi, mo ní fèrè kan lápò o, má gbé ẹnikẹ́ni." Mo fọn ọ́n fún Dáníẹ́lì, ó gùn, kò sẹ́ni tó sáré.

Ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé rẹ̀ di ti Ìdòwú. Àdá Bàbá Jòsáyà, wọ́n fi kọ́ sára ògiri pálọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú agbo ilé náà báyìí, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Èémí mi ò gba fèrè mọ́, mo ti fà á lé Ìdòwú lọ́wọ́. Òun ló jókòó sí àyè bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, òun ni yóò fọn ọ́n fún wa, ó sì mọ orúkọ wa pé pérépéré. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀: tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ rere nípa ẹnì kan, ẹ wọkọ̀, ẹ lọ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì bèèrè orúkọ rẹ̀ tí ẹ bá débẹ̀.

Ẹ̀wù ẹgbẹ́ ló kù fún mi. Ìyàwó mi pín in sí méjì níbi tó ti ya, ó fi ń gbé ìkòkò ẹ̀wà kúrò lórí iná. Bí mo bá rí i lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn mi á sì tutù wìnnì bí ẹni pé kánọ́pì tún fẹ́ dà.